Ọpẹ́ Fusae Lọ́jọ́ Kẹtàlá

Bí yìnyín ń bọ́, bí orúnkún ń ro ó, Fusae kì í pa ìdúpẹ́ ọjọ́ kẹtàlá oṣù jẹ ní tẹ́ńpìlì.

Lónìí, ó tún kúnlẹ̀ níwájú Búdà, omijé ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀.

Àlùfáà mirí. "Ẹ wo ìfẹ́! Ó pọ́dún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́jọ́ kẹtàlá, kò gbàgbé rẹ̀."

Tokuko, aládùúgbò rẹ̀, tọ́ ọ níhà. "Ọ̀rẹ́, kí lò ń dúpẹ́ fún gan-an?"

"Ṣebí wọ́n ní òkú ń padà wáyé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọkọ mi, ọ̀mùtí sakè yẹn, ò tíì dé. Ọpẹ́ ni!"

Ìyàwó ọmọ Fusae wọlé, ó gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ jókòó síwájú pẹpẹ.

Ọmọ fo àkàrà ìrẹsì tí wọ́n fi rúbọ níbẹ̀, ó fo ọsàn, ó rọ̀ mọ́ ìgò sakè.

Fusae figbe ta: "Búdà, ẹ dá ọpẹ́ mi padà!"