Sàídì Onífura àti Bàálù Tó Padà Lófìfo

Ní ìgbà kan tí n kò ní dárúkọ ọdún rẹ̀, lẹ́yìn tí fóònù ti wọ àpò àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin kan wà ní Bẹyẹrunka tí ń jẹ́ Sàídì. Oníṣòwò aṣọ ni ní Ọjà'ba, Ọlọ́run sì bùkún un. Àléébù rẹ̀ ni ìfura. Kò fọkàn tán ẹ̀dá kankan. Kì í jẹun nílé àbúrò, kì í mu omi tí kò bá fúnra rẹ̀ bù, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ lójú oorun.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé rẹ̀, pákó ni wọ́n sì fi tẹ́ òkè rẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbé Mujeebat níyàwó ló ti kọ́ ọ pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè òun, kí ó sọ pé òun ti lọ sí Kánò. Bí òun bá sì wà lókè, tí òun fi ọ̀pá lu pákó, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun ti gbọ́ ohùn àlejò náà, òun kò fẹ́ rí i, kí ó tètè lé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Mujeebat ṣe mọ irọ́ pa ju bí ó ti mọ ọbẹ̀ sè lọ. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì burú.

Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Sàídì lẹ́nu. Ó fi pamọ́ fún ará ilé, ó ní àìsàn náà ni wọn yóò fi rí òun mú. Ó wá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan wà ní Èkó tí ń fi bàálù gbé aláìsàn. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìpè kan ni yóò pè. Dókítà àti nọ́ọ̀sì ń bẹ nínú bàálù náà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí aláìsàn fi ń mí. Inú Sàídì dùn pé òun yóò fò kọjá lórí gbogbo ọ̀tá òun.

Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ni Olúṣẹ́gun, ọmọ tíṣà kan ní Ọ̀rányàn. Sàídì kò gbà kí ó wá sílé tàbí sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n ti pàdé. Sàídì pe ara rẹ̀ ní Zakariyya, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà gbọ́. Àdírẹ́sì ilé nìkan ni òtítọ́ tó sọ. Olúṣẹ́gun ṣàlàyé pé bàálù kò lè balẹ̀ sórí òkè Mápó. Ọkọ̀ ni yóò gbé aláìsàn láti orí ibùsùn dé pápákọ̀ òfurufú Alákìíà, pápákọ̀ náà kì í sì í jẹ́ kí bàálù gbéra bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

“Alàájì, ẹ fún wa ní orúkọ ẹnì kan nínú ilé,” ni Olúṣẹ́gun wí. “Bí àìsàn bá gba ohùn lẹ́nu yín, ta ni yóò mú wa débi tí ẹ sùn sí? A kì í gbé ẹni tí ará ilé rẹ̀ kò fà lé wa lọ́wọ́.”

“Ọmọ tíṣà, ẹnu ara mi ni n ó fi pè yín.”

“Ìyàwó yín ńkọ́, sà?”

“Òun gan-an ni mò ń sá fún.” Bẹ́ẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀ láìdárúkọ ará ilé kankan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, Sàídì ti ìlẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ lókè. Lójijì, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi pe ilé-iṣẹ́ náà. Ìkérora nìkan ni wọ́n gbọ́ ní Èkó. Wọn ì bá pe ará ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹnì kankan tí wọ́n lè pè. Síbẹ̀ wọ́n gbé bàálù dìde. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó ti balẹ̀ ní Alákìíà, ọkọ̀ sì ti gbé Olúṣẹ́gun àti nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Clara dé ẹnu ọ̀nà Sàídì.

Mujeebat rí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ wọn, ó rí ibùsùn aláìsàn tí wọ́n gbé dání, ó sì fura pé gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n. Wọ́n béèrè Alàájì Zakariyya. Ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olúṣẹ́gun wá júwe ọkùnrin pupa kan tó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn. Ìyẹn ló tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Irú èèyàn wo ló mọ kọ́kọ́rọ́ ọrùn ọkọ òun tí kò mọ orúkọ rẹ̀?

“Ọkọ mi ti lọ sí Kánò.”

Clara kúnlẹ̀. “Màmá, ó pè wá, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká wo yàrá rẹ̀.”

Sàídì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ó fi ọwọ́ òsì wọ́ ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó sì fi gbogbo agbára tó kù lu pákó.

“Kí ló ń dún lókè yẹn?” ni Olúṣẹ́gun bi í.

“Eku ni. Eku ilé wa tóbi.”

Ọ̀pá náà tún dún, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mujeebat rò pé ọkọ òun ń bínú pé òun kò tètè lé wọn. Bí ọkọ ti ń lu pákó lókè ni ìyàwó ń búra nísàlẹ̀, títí ó fi ké sí àwọn ará àdúgbò pé gbọ́mọgbọ́mọ ti wọlé. Àwọn ọkùnrin yọ igi. Olúṣẹ́gun àti Clara sá wọ ọkọ̀. Láìpẹ́, iná bàálù kan kọjá lójú ọ̀run Mápó, ó ń lọ sí Èkó lófìfo. Lókè ilé, ọ̀pá ti dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màngàríbì tí Sàídì kò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fọ́ ìlẹ̀kùn. Wọ́n bá a nílẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kò kú. Ṣùgbọ́n dókítà sọ pé àkókò tí ìwòsàn ì bá fi ràn án lọ́wọ́ ti kọjá. Nígbà tí Olúṣẹ́gun padà wá tó sì sọ òkodoro ọ̀rọ̀, Mujeebat jókòó ti ibùsùn ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún.

“Bàbá Mutmainnah,” ó wí, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, “ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo sọ.”

Yàrá náà kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Àwọn àbúrò tí Sàídì kò jẹ oúnjẹ wọn ni wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Bí bàálù bá kọjá, Sàídì a fi ọ̀pá lu pákó. Mujeebat a sáré gòkè, a bi í pé kí ló fẹ́. Ẹnu ọkọ rẹ̀ a sì máa gbọ̀n lásán, ọ̀rọ̀ kò ní jáde.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé kò sí ìrànlọ́wọ́ òkèèrè tó lè dé ọ̀dọ̀ wa bí a bá ti sé ọ̀nà mọ́ àwọn tó wà nítòsí wa. Ó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra, ṣùgbọ́n kí ó ní ó kéré tán ẹnì kan nínú ilé tó mọ àìsàn rẹ̀ àti ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá kọ́ ará ilé rẹ̀ ní irọ́ kò gbọdọ̀ retí pé òtítọ́ ni wọn yóò sọ lọ́jọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ ké tí ará ilé yín kò ní gbọ́ yín yé. Kí ìfọkàntán jókòó sí yàrá yín, kí àwọn ọmọ yín mọ ohùn yín lọ́jọ́ ìṣòro, kí ìlẹ̀kùn ilé yín sì ṣí fún àánú nígbà tó bá dé. Àmín.