Ẹ̀jẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Ru

Bàbá káfíńtà sáré gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì wé ẹ̀rọ tí ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá.

"Ó yá, ru!" ló sọ fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ra ẹ̀rọ náà fún un. Ohun tí ẹ̀rọ bá kà, orí fóònù ọmọ níbi iṣẹ́ ló ń já sí. Bó bá ga, kíá lọmọ á pè. Bí kò bá ga, bàbá ò ní gbúròó ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tó fi ń gun àtẹ̀gùn láràárọ̀.

Àmọ́ eré sísá náà ti sọ ọ́ di géńdé. Kó tó jókòó, èémí rẹ̀ ti balẹ̀. Nọ́ńbà tó jáde dára bíi ti ọ̀dọ́. Bàbá pòṣé.

Ni ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ni, ó di ara ògiri mú.

"Bàbá, kí lẹ ń lò gan-an? Láti ọjọ́ mélòó kan ni nọ́ńbà yín ti dára jù, mo ní kí n wá fojú ara mi rí yín. Ẹ fún mi lómi, ẹ jọ̀ọ́. Àtẹ̀gùn yín fẹ́ pa mí!"

Bàbá fún un lómi, ó jẹ́ kó sinmi dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Nọ́ńbà tirẹ̀ ga fíofío.

"Kọ́kọ́ lọ rí nọ́ọ̀sì," ni bàbá wí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Tó bá ti gbà fún ọ, máa bọ̀ níbí láràárọ̀. Mo mọ àtẹ̀gùn kan."