Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Àgbà Káàárọ̀

Gbogbo ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àwa arúgbó máa ń tò síwájú ẹ̀rọ ìjọba tó ń béèrè ìlera wa kí wọ́n tó san owó ìfẹ̀yìntì wa. Ìlà ọ̀hún gùn débi pé èèyàn lè hu ewú tuntun lórí ìdúró. Òfin ò ṣòro: bí ara rẹ ò bá le, gba owó, bó bá le, padà sẹ́nu iṣẹ́.

Tísà Oyèdìran, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ló wà níwájú mi. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn ilé àwókù.

"Òfin yìí dára," ó ní. "Ìjọba ò gbọdọ̀ máa bọ́ ọ̀lẹ!"

"Tísà, ẹ ṣáà wúkọ́ bí ewúrẹ́."

"Èmi? Kí n purọ́?"

Ó kàn án. Ẹ̀rọ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ara le?"

Tísà na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀. "Ó le koko bí ọta, ọmọ mi! A dúpẹ́."

"A bá yín yọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù rírù lọ́la."

"Rárá o! Ìkíni lásán ni mo dáhùn!" Ó di apá mi mú. "Làmídì, bá mi sọ fún un!"

Ilẹ̀kùn ara ẹ̀rọ ṣí, ó gbé e mì.

Ó wá kàn mí. Ìyá mi kọ́ mi pé àgbà kì í fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn, torí pé àìsàn yóò jẹ́ ìpè náà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ara le?"

Ahọ́n mi ti gbéra pẹ̀lú "A dúpẹ́", èmi ò sì rán an níṣẹ́.