Ta Ló Ń Fẹnu Sodiqat Sọ̀rọ̀?

"Ta ló ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀?"

Sodiqat ti dìde fùú láàárín gbọ̀ngàn, níwájú gbogbo ará Ṣakí tó wá wo fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ojú rẹ̀ ló kún ara ògiri. Ohùn ẹlòmíì ló ń jáde.

"Sodi, ohùn Ṣakí ẹ ti ki jù," Ládòkun, olùdarí eré, ń bẹ̀ ẹ́. "Àwọn ará Èkó ò ní gbọ́ ọ. La bá wá ẹlòmíì."

"Ẹ gba ojú mi, ẹ kọ ohùn mi? Ṣé ọmọláńgidi ni mí? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sunkún fún fíìmù yìí nínú oko ọkà bàbà ní Tẹ̀dé!"

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mujeebat, tó ti Ìbàdàn wá.

Mujeebat ló kọ́ ọ ní gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré náà. Òun ló ní, "Má yí ohùn padà o. Bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé gan-an ló dùn."

"Àǹtí mi, ẹ bá mi dá a lóhùn."

Mujeebat kàn mi orí. Kò tíì lanu látìgbà tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè! Gbólóhùn kan péré, kí gbogbo Ṣakí gbọ́!"

"Sodi, jọ̀ọ́, jókòó."

Gbogbo orí yí sí Mujeebat.

Ohùn yẹn gan-an ló ṣì ń sunkún lára ògiri, lẹ́nu Sodiqat.