Ìka Kẹfà

Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń lọ sílé ìwòsàn láti wá sójà inú ẹ̀jẹ̀ tí yóò bá jẹjẹrẹ ara ọkọ mi, Adékànmí, jà. Èmi ni mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá a, nítorí aláìsàn kì í fọwọ́ kan sójà ara rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń bá a fọwọ́ kàn án.

Ohun tí ojú kò lè rí a máa tóbi nínú ìbọ̀wọ́ yìí. Ọwọ́ oníka mẹ́fà ni sójà inú ẹ̀jẹ̀ fi ń dá ọ̀tá mọ̀.

“Èyí kan ṣoṣo tó kù nìyí, Ìyá Fadérera,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Òun ló bá ọkọ yín lé ọ̀fìnkìn lọ nígbà èwe wọn.”

Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Kí ni sójà ọ̀fìnkìn fẹ́ fi jẹjẹrẹ ṣe? Síbẹ̀, mo fọwọ́ wá èérún jẹjẹrẹ náà níbi tí sẹ́ẹ̀lì tó lárùn pàtẹ rẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì ní ó jọ ti ọ̀fìnkìn, àfi gegele kan láàárín.

Ìka sójà náà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rọra balẹ̀ lé e. Márùn-ún rí àyè jókòó. Ìkẹfà kọlu gegele náà, ó dúró, ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì gbá a mọ́ra.

Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo: “Ó ti dì í mú!”

Ohun tí nọ́ọ̀sì ń retí nìyẹn. Ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sójà kan ṣoṣo di ẹgbàágbèje.

“Ṣé ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?” Adékànmí béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Rárá o. Ìka kan ṣoṣo ló kàn tẹ̀,” ni mo dá a lóhùn.

Adékànmí ṣí fìlà lórí, ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó ní:

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”