Kúlà Ìrẹsì

Olùbéèrè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wá Iman lẹ́nu wò tán fún yunifásítì tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde ní Amẹ́ríkà. Ló bá rí ìyá ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀, láàárín ilé kọfí ní àdúgbò Clondalkin tí wọ́n ń gbé.

"Ẹ dákun, sà. Ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ ọmọ yìí wà."

"Mam, get up," Iman ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ dìde, mà. Láti 1998, ọmọ mẹ́sàn-án ni mo ti kọ̀wé sí yunifásítì náà fún. Wọn ò mú ẹyọ kan."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Báyìí làwọn ẹni ńlá ṣe máa ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣeni lóore. Ó gbé kúlà ìrẹsì síwájú olùbéèrè.

"Iman á kàwé níbi tẹ́ ẹ ti kà á. Á sì dà bíi yín, lágbára Ọlọ́run."

Olùbéèrè ò ṣe àmín. Ó wo aago, ó yára fa báàgì rẹ̀, ẹ̀wù yẹ́lò kan tó ń tàn yòò sì já bọ́ nínú rẹ̀.

Ìyá mọ ẹ̀wù iṣẹ́ náà. Gbogbo Sátidé ló ń fọ irú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, tó ń kó páálí nílé ìkẹ́rùsí ní Damastown.

Ó dìde. Ó rọra fa kúlà náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.