Adéyẹyè Ò Fẹ́ Gbé Ìṣákọ́lẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fojú fo ìtàn yìí o. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1. Ní Ajue, nítòsí Ore, lọ́dún tó ṣáájú èyí táwọn ṣọ́jà tún gbàjọba, àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Adéyẹyè. Ó jogún oko kòkó bàbá rẹ̀. Àwọn àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń gbé iṣu àti epo wá lọ́dọọdún, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Ó sì máa ń dùn mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ n purọ́.

2. Òjò wá di ọ̀wọ́n. Odò gbẹ, èso kòkó ń di dúdú lórí igi. Àwọn àlejò ń palẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Elisha, àbúrò Ọládùnní ìyàwó rẹ̀, ránṣẹ́ láti Araromi-Obu pé Baálẹ̀ àwọn ti fi ilẹ̀ etí odò kan pamọ́ de Adéyẹyè àti ìdílé rẹ̀, kí wọ́n tètè gbé irúgbìn kòkó wá.

Ọládùnní bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Bàbá Oyin, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ ara wa lọ, ká má dúró kí nǹkan lé wa."

Ṣé ó gbọ́? Rárá o. Ó ní ojú wo lòun máa fi gbé iṣu rù lọ bá onílẹ̀ mìíràn. "Ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe àtìpó." Bó ṣe parí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

3. Ohun tí kò rò ni pé àwọn àlejò yẹn ló ń bá a ro etí oko lẹ́ẹ̀rùn, kí iná má baà wọlé. Wọ́n ti lọ, oko wọn ti digbó. Nígbà tí ọyẹ́ mú, táwọn ọdẹ finá sígbó, inú igbó náà niná gbà dé ìdí kòkó. Oko jó, ilé jó. Aṣọ ọrùn wọn àtàwọn ọmọ nìkan ni wọ́n rí kó jáde. Ó mà ṣe o.

4. Araromi-Obu náà ni wọ́n sá lọ. Adéyẹyè na gbalaja síwájú Baálẹ̀, Ọládùnní sì fi ìborùn bojú, ó ń sunkún.

Baálẹ̀ ní, "Dìde, Adéyẹyè. Lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ni mo ń retí. Ìwọ gan-an ni mo ń retí." Ilẹ̀ etí odò ti tán. Àwọn tó tètè dé ti pín in. Oko olóko ni Adéyẹyè ń ro títí dòní, kò sì ní igi kòkó kan tó lè pè ní tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ojú ọjọ́ ò mọ ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Bí ilẹ̀ bá ń lé yín díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìgbéraga dè yín mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tètè lọ ló ń rí ibi dúró sí. Láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.